Ta Ló Yẹ Kó Kágò? Ọ̀rọ̀ Kúkì àti Àwọn Ojú Òpó Kéékèèké

Kò sẹ́ni tí kò tíì rí i rí. Ẹ tẹ líǹkì kan torí pé ẹ fẹ́ ka nǹkan, ojú òpó náà ṣí, kí ojú yín tó dé ìlà kejì, pátákó kan ti dìde láti ìsàlẹ̀, ó ti bo ìdajì ojú fóònù. Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bọ́tìnì ńlá kan wà níbẹ̀ tó ní kí ẹ gbà. Òmíràn tó rí tín-ín-rín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí ẹ lọ tún nǹkan tò. Kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ máa ń tẹ èyí tó tóbi kí ọ̀nà lè là. Gbogbo wa náà ni.

Ní báyìí, àwọn tó ní ojú òpó kéékèèké ti ń béèrè bóyá àwọn náà gbọ́dọ̀ gbé pátákó yìí sókè: ẹni tó ń kọ búlọ́ọ̀gù, ẹni tó ń ta irun, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ọ̀rọ̀ ìpàdé wọn síta. Oríṣi ìdáhùn méjì ni wọ́n sábà máa ń rí gbà. Àwọn kan á ní, "Ṣé ẹni tí èèyàn ogún ń kà lóṣù ni òfin fẹ́ wá mú? Fi wọ́n sílẹ̀ jàre." Àwọn kejì á ní, "Gbé e síbẹ̀, kí o lè sùn." Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Bí ojú òpó ṣe tóbi tó kọ́ ni ìbéèrè. Ohun tó ń gbé sínú fóònù àlejò ni ìbéèrè. Tí a bá sì wò ó dáadáa, púpọ̀ nínú àwọn ojú òpó kéékèèké ni kò ní nílò pátákó kankan, bí wọ́n bá lè kó àwọn nǹkan tí wọn ò tiẹ̀ lò kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí kúkì jẹ́, torí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe áàpù tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú fóònù. Lẹ́tà àti nọ́ńbà díẹ̀ ni, tí server ojú òpó kan ní kí browser yín, bíi Chrome tàbí Opera Mini, bá òun tọ́jú. Lou Montulli ló ṣe é ní 1994, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé wẹ́ẹ̀bù kì í rántí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ní kí server fún yín ní ojú ìwé kan, á fún yín, á sì gbàgbé yín lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá béèrè ojú ìwé kejì lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, àlejò tuntun lẹ jẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ wo bí ọjà ṣe máa rí nínú irú ayé bẹ́ẹ̀: ẹ mú bàtà sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ yíjú sí ẹ̀wù, apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo. Ohun tí Montulli ṣe ni pé server á fún browser ní àmì kékeré kan, browser á sì máa mú àmì náà dání ní gbogbo ìgbà tó bá padà wá. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara "magic cookie", tí àwọn tó ń kọ kóòdù lórí Unix ti ń lò fún irú àmì bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò kan bisikíìtì rárá.

Káàdì ilé ìwòsàn ìjọba ló jọ jù lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá lọ, wọ́n á gba orúkọ yín, wọ́n á fún yín ní káàdì tó ní nọ́ńbà. Àìsàn tó ń ṣe yín kò sí lára káàdì yẹn. Inú fáìlì ló wà, fáìlì sì wà ní yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Àmọ́ nígbà tí ẹ bá padà wá, tí ẹ mú káàdì jáde, nọ́ńbà ara rẹ̀ ni wọ́n á fi fa fáìlì yín yọ. Kúkì ni káàdì yẹn. Ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́jú káàdì, àwọn ló ń tọ́jú fáìlì. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè ṣí kúkì kan wò, kó má rí ju nọ́ńbà gbọọrọ kan tí kò nítumọ̀, kó wá ní kò séwu. Fáìlì ló yẹ kó béèrè, kì í ṣe káàdì.

Títí dé ibí, kò sẹ́jọ́. Láìsí káàdì yẹn, gbogbo ojú ìwé tí ẹ bá ṣí ni ẹ ó ti máa tún password tẹ̀. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹni tó ń fún yín ní káàdì kì í ṣe ẹni tí ẹ wá bá.

Ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ti ibì kan ṣoṣo wá. Ọ̀rọ̀ lè wá láti ọwọ́ onílé, fídíò láti YouTube, kóòdù ìpolówó láti ibòmíràn. Browser yín ló ń sáré lọ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti kó ẹrù wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì lè fún un ní káàdì tirẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọjà ńlá kan. Ẹ yà sọ́dọ̀ ìyá alágbo, ẹ yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ìwé àdúrà, ẹ wá yà sọ́dọ̀ olówó èlé. Níwájú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan náà ló jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò. Kò ta nǹkan kan. Ó kàn ń wo nọ́ńbà káàdì yín ni, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá alágbo ò mọ̀ pé ẹ ń yá owó, olówó èlé ò mọ̀ pé ẹ ń mu àgbo. Ọkùnrin yẹn nìkan ló mọ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kúkì àjèjì nìyẹn, iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ìpolówó fi ń ṣe nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣe browser ti ń lé ọkùnrin yìí díẹ̀díẹ̀. Safari ti dínà mọ́ kúkì àjèjì pátápátá láti oṣù Kẹta 2020. Firefox ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kí nọ́ńbà ìsọ̀ kan má bàa wúlò ní ìsọ̀ kejì. Google kéde ní oṣù Kìíní 2020 pé láàárín ọdún méjì, Chrome náà á mú wọn kúrò. Ó sún un síwájú, ó tún sún un síwájú, nígbà tó di oṣù Keje 2024 ó ní òun ò ṣe mọ́. Ilé iṣẹ́ ìpolówó ló ni Chrome, ẹ jẹ́ ká rántí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ojú òpó kéékèèké ti wọlé rèé, ibẹ̀ náà ni èmi àti àwọn tó ní "fi wọ́n sílẹ̀ jàre" ti yapa. Ẹni tí nǹkan kan ń dùn, ìgbà tó bá ń wá ẹni tó máa bá a sọ òótọ́, kì í ṣe ojú òpó ilé iṣẹ́ ńlá ló máa ń kà jù. Búlọ́ọ̀gù nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣàlàyé àìsàn ní èdè tó yé e ló máa ń lọ. Àwọn méjì tó fẹ́ra, tí genotype àwọn méjèèjì jẹ́ AS, tí wọn ò tíì sọ fún òbí, á jókòó lóru máa ka irú búlọ́ọ̀gù bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá á kà á. Ẹni tó ń dúró de èsì àyẹ̀wò HIV á kà á. Nọ́ọ̀sì yìí kò ní ìkà kankan nínú. Ó kàn fẹ́ mọ iye èèyàn tó ń ka iṣẹ́ òun ni, ẹnì kan sì sọ fún un pé kó lẹ kóòdù báyìí-báyìí mọ́ ojú òpó náà. Kò mọ̀ pé òun ti gbé àga fún ọkùnrin oníwèé yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Kó jẹ́ èèyàn mẹ́wàá péré ló ń kà á lóṣù, àṣírí àwọn mẹ́wàá yẹn ni. Kíkéré ojú òpó kò sọ àṣírí wọn di kékeré.

Ó yá, òfin ńkọ́? Òfin EU ti 2002 tí wọ́n tún ṣe ní 2009 ló bí pátákó tí gbogbo wa ń bá jà yìí. Tí ẹ bá ka ìpínrọ̀ 5(3) rẹ̀, ẹ ò ní rí ohun tí ọ̀pọ̀ rò pé ó wà níbẹ̀. Kò sọ pé kẹ́nikẹ́ni gbé pátákó kankan. Kò sì sọ pé ó yọ ẹni kékeré sílẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú nǹkan sínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn, tàbí tó fẹ́ ka ohun tó wà nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ ṣàlàyé kó sì gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ oní-ẹ̀rọ, àyàfi tí nǹkan náà bá jẹ́ kòṣeémánìí fún iṣẹ́ tí oní-ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ béèrè.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Wọn kì í já wọ yàrá olóyàrá. A máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ó ní "Àgò o!", a ó sì dúró títí ẹni tó wà nínú ilé á fi dáhùn pé "Àgò yà." Ohun tó ń dàrú mọ́ àwọn olójú òpó lójú ni pé wọ́n rò pé àlejò ló wá bá àwọn nílé, nítorí náà àwọn ni onílé. Òótọ́ ni pé àlejò ló tẹ líǹkì. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ kúkì, ojú òpó ló ń wọ inú fóònù lọ. Fóònù ni ilé, ẹni tó ra fóònù ni onílé, ojú òpó ló yẹ kó kágò.

Ibi tí òfin yọ sílẹ̀ náà bá ìwà wa mu. Púlọ́ńbà tí ẹ fúnra yín pè wá tún ẹ̀rọ omi ṣe kò ní tún máa kágò kó tó ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kúkì tó ń rántí ohun tí ẹ kó sínú apẹ̀rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ lè wọlé sí àkáǹtì yín, èyí tó rántí pé Yorùbá lẹ fẹ́ fi kà á. Ẹ̀yin lẹ ní kó ṣe é. Bí púlọ́ńbà bá wá fẹ́ yẹ dúrọ́ọ̀ yín wò, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìyọ̀ǹda náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyọ̀ǹda. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2019, ilé ẹjọ́ EU dá ẹjọ́ Planet49, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe tẹ́tẹ́ oríire lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Jámánì, pé àpótí tí wọ́n ti bá èèyàn fàmì sí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ní òpin 2021, àjọ CNIL ní Faransé bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 150 euro lé Google, wọ́n sì bu mílíọ̀nù 60 euro lé Facebook, torí pé títẹ ẹ̀ẹ̀kan ni gbígbà, kíkọ̀ sì dà bí ẹni ń rìnrìn àjò.

Nílé wa níbí, òfin ìdáàbòbò détà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023 ló gbé àjọ NDPC dìde. Ó yọ ẹni tó ń lo détà fún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ àti agboolé rẹ̀ nìkan sílẹ̀. Kò yọ òwò kékeré sílẹ̀. Ó sọ ọ́ kedere pé kí èèyàn dákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ìtanràn fún àwọn tí òfin kò kà mọ́ àwọn ńlá lè tó ₦2,000,000 tàbí 2% owó tó wọlé fún wọn lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ẹni tó bá sì ń tajà fún àwọn èèyàn wa ní Dublin tàbí Berlin, òfin EU lè kàn án níbi tó jókòó sí ní Òṣogbo.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín o. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni láti NDPC máa wá kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń ta irun lọ́la. Mo tiẹ̀ rò pé ìbẹ̀rù ló ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù nìkan, pátákó irọ́ ló máa gbé síbẹ̀.

Pátákó irọ́ sì pọ̀ lóde. Ní 2020, Midas Nouwens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n yẹ àwọn ojú òpó 10,000 tí wọ́n ń lò jù ní Ìlú Ọba wò, wọ́n ṣa àwọn tó ń lo pátákó ilé iṣẹ́ márùn-ún tó gbajúmọ̀ jù yọ, wọ́n sì wò ó bóyá pátákó náà tẹ̀lé ohun tó kéré jù tí òfin béèrè. 11.8% péré ló tẹ̀lé e. Wọ́n tún dán an wò lára èèyàn: bí wọ́n bá yọ bọ́tìnì ìkọ̀sílẹ̀ kúrò lójú ewé àkọ́kọ́, iye àwọn tó ń gbà máa ń fi nǹkan bí ìdá 22 sí 23 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Èèyàn kò yí ọkàn padà. Bọ́tìnì ni wọ́n gbé pamọ́.

Àwọn ńlá nìyẹn o, tí wọ́n lówó láti pe lọ́yà. Àwọn kékeré ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn lọ wa plugin ọ̀fẹ́ kan sórí WordPress, wọ́n tàn án, ó tán. Pátákó yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò so mọ́ nǹkan kan. Kúkì ti wọlé kí pátákó tó yọjú. Ẹ tẹ gbà, ẹ tẹ kọ̀, ọ̀kan náà ni. Ẹni tó ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yín tán, tó wá ń ké "Àgò o!", kí la fẹ́ pe ìyẹn? Ní tèmi, ojú òpó tí kò kágò rárá sàn ju èyí lọ, torí ó kéré tán kò purọ́ fún yín pé ẹ lè kọ̀.

Oríṣi kejì tún wà tó ń pa mí lẹ́rìn-ín: ojú òpó tí kò ní kúkì kankan ju ti apẹ̀rẹ̀ lọ, tó wá gbé pátákó ńlá síbẹ̀ torí pé ó rí i lọ́dọ̀ àwọn tó kù, kó lè dà bí ojú òpó gidi. Ó ń kágò fún ilé tí kò fẹ́ wọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan, torí gbogbo pátákó tí kò nídìí ló ń kọ́ wa láti máa tẹ gbà láìkà, lọ́jọ́ tí èyí tó nídìí bá wá dé, ọwọ́ wa á ti tẹ̀ ẹ́ kí ojú tó rí i. Kẹ́ ẹ sì tún máa wo èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́! Ẹ ṣí ojú òpó tó jẹ́ Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ bá pátákó Gẹ̀ẹ́sì onílà ogún níbẹ̀. Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta àdìrẹ l'Abẹ́òkúta ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá mi. Ẹni tó bá a ṣe ojú òpó ti ní kó fi owó kún owó kí òun lè bá a gbé pátákó kúkì síbẹ̀. Mo ní kó ṣe sùúrù ná. A ṣí ojú òpó náà lórí kọ̀ǹpútà, nínú fèrèsé àdáni tí browser ń pè ní private tàbí incognito, kí ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ má bàa dà wá lójú rú. A tẹ F12. Lórí Chrome, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Application sí, lórí Firefox, Storage ni wọ́n pè é, ẹ ó rí Cookies lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún wo Network, níbi tí orúkọ gbogbo ibi tí browser ń sáré lọ ti ń yọ. Ìsọ̀ kékeré yìí, tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣe, kún fún àlejò. Kúkì apẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, ti onílé nìyẹn. Àwọn kan wá láti ara fídíò tó wà lójú ewé àkọ́kọ́. Àwọn kan wá láti ara àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí oníbàárà kankan kò lò rí, torí WhatsApp ni gbogbo wọn ń gbà bá a sọ̀rọ̀. Èyí tó kù jẹ́ ti kóòdù ilé iṣẹ́ ìpolówó kan, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nígbà ìpolówó ọdún Àjíǹde kan tó ti parí tipẹ́. Ìpolówó ti tán, kóòdù ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń ka gbogbo ẹni tó wọlé.

"Ta ló kó gbogbo àwọn wọ̀nyí wá sílé mi?" Ìbéèrè tó bi mí nìyẹn.

Kò tó wákàtí méjì tí a fi tún un ṣe. A fi àwòrán kan rọ́pò fídíò: ẹni tó bá fẹ́ wò ó á tẹ àwòrán, líǹkì á gbé e lọ sí YouTube. (Ẹni tó bá fẹ́ kí fídíò wà lójú ewé gan-an lè lo youtube-nocookie.com, ó sàn díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé browser ṣì ń lọ bá Google.) A yọ àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀, a fi líǹkì WhatsApp lásán síbẹ̀. A pa kóòdù ìpolówó rẹ́. Ó ku kúkì apẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì wà lára ohun tí òfin yọ sílẹ̀. Pátákó ò pọn dandan mọ́, owó tí wọ́n fẹ́ gbà fún un kò jáde. Ojú òpó náà tún yára sí i lórí fóònù tí détà ń ṣe ní ṣíún-ṣíún.

GitHub, níbi tí àwọn tó ń kọ kóòdù kárí ayé ń kó iṣẹ́ wọn sí, ṣe irú nǹkan yìí ní oṣù Kejìlá 2020: wọ́n yọ gbogbo kúkì tí kò pọn dandan, wọ́n sì gbé pátákó jù nù. Ká sòótọ́, ní 2022 wọ́n dá díẹ̀ padà sí àwọn ojú ìwé kan tí wọ́n fi ń polówó ọjà wọn. Àmọ́ tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá lè ṣe é rárá, kí ló máa di búlọ́ọ̀gù olójú ewé méje lọ́wọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Mo fẹ́ mọ iye èèyàn tó ń kà mí." Ó bójú mu, èmi náà á fẹ́ mọ̀. Server tí ojú òpó yín wà lórí rẹ̀ ti sábà máa ń kọ gbogbo ojú ìwé tó bá fún èèyàn sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bá yín gbé e, ẹ lè rí i níbẹ̀. GoatCounter àti Plausible ń ka àlejò láìfi kúkì sílẹ̀, Matomo náà sì ṣeé tò bẹ́ẹ̀. Ìlú Ọba tilẹ̀ tún òfin tirẹ̀ ṣe ní 2025: ó yọ ìṣirò iye àlejò kúrò lára ohun tó ń béèrè ìyọ̀ǹda, bí ojú òpó bá ti ṣàlàyé kedere tó sì jẹ́ kí ẹni tí kò bá fẹ́ lè kọ̀.

Ẹ kàn ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń pariwo pé "a kì í lo kúkì" bí ẹni pé ìyẹn ló parí ọ̀rọ̀. Ọ̀nà wà láti dá fóònù mọ̀ láìfún un ní káàdì: bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, irú lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀, èdè tí wọ́n tò ó sí, ká pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń fi ilà ojú dá èèyàn mọ̀. Òfin EU sọ̀rọ̀ nípa kíka ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Kódà láìsí èyí, lílọ tí browser lọ bá àjèjì ti tó láti jẹ́ kó mọ àdírẹ́sì IP àlejò. Ní oṣù Kìíní 2022, ilé ẹjọ́ kan ní Munich ní Jámánì ní kí olójú òpó kan san 100 euro fún àlejò rẹ̀, torí pé ó ń gba irú lẹ́tà láti orí server Google, tí àdírẹ́sì IP àlejò sì tipa bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ Google. Lẹ́tà lásán! Ó sì rọrùn láti wa lẹ́tà náà sórí server ara ẹni.

Èyí tó le nínú gbogbo rẹ̀ ni ti owó ìpolówó, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn kan wà tí AdSense ló ń san owó ojú òpó wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò àgò, àgò gidi. Láti oṣù Kìíní 2024 ni Google fúnra rẹ̀ ti ń béèrè pé kí wọ́n lo pátákó ìyọ̀ǹda tí òun fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n fún àlejò tó bá wá láti EU àti Ìlú Ọba àti àwọn agbègbè wọn. Nítorí náà, ojú òpó kan náà á kágò fún ẹ̀gbọ́n yín ní Manchester, á já wọlé tọ àbúrò yín ní Ìbàdàn láìdúró. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ṣé ẹni tó wà ní Ìbàdàn kì í ṣe onílé nínú fóònù tirẹ̀ ni? Bí ẹ bá ti máa kágò, ẹ kágò fún gbogbo èèyàn. Bí owó tó ń wọlé lóṣù kò bá sì tó ra kádì détà, mo rò pé ẹ lè wá ilé ìtàwé tàbí télọ̀ àdúgbò kan tó máa san owó kí ẹ gbé àwòrán ìpolówó rẹ̀ sójú ewé, àwòrán àti líǹkì, kó má sí kóòdù kankan nídìí rẹ̀.

Ẹni tó bá ti kó gbogbo ẹrù àjèjì kúrò lè kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀ ojú ìwé, ní èdè tó fi kọ ìyókù: "A kì í tọpa ẹnikẹ́ni níbí. Kúkì kan ṣoṣo tí a ní ló ń rántí ohun tí ẹ kó sínú apẹ̀rẹ̀." Ẹni tí ìpolówó ń bọ́, tirẹ̀ lè rí báyìí: "Àgò o. Ilé iṣẹ́ tó ń polówó níbí fẹ́ fi kúkì sínú fóònù yín, kó lè mọ ibòmíràn tí ẹ bá lọ. Ṣé kó wọlé?" Kí bọ́tìnì méjèèjì tóbi dọ́gba, kí wọ́n ní àwọ̀ kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ "Àgò yà", kí èkejì jẹ́ "Rárá". Kí kóòdù ìpolówó má sì tíì gbéra rárá títí wọ́n á fi tẹ ọ̀kan nínú méjèèjì.